Ṣé ọmọ Èkìtì lè fi irú fíìmù báyìí jẹun?

Fadékẹ́mi Àdó
Ẹ̀yin ará ilé, Èkìtì kete o. Ìtàn obìnrin kan ni mo ń kà láti àná tí oorun ò fi kùn mí. Christine Vachon ni orúkọ rẹ̀, New York ni wọ́n ti bí i ní 1962. Olóòtú fíìmù ni, kì í ṣe olùdarí, kì í ṣe òṣèré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá owó, kó wá èèyàn, kó rí i pé fíìmù parí. Àwọn fíìmù tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Hollywood ń sá fún ló sì gbájú mọ́ jù: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin tó ní ọkùnrin ni òun. Poison tí òun ṣe olóòtú rẹ̀, tí Todd Haynes sì darí, gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní 1991. Ní 1995, òun àti Pamela Koffler dá ilé iṣẹ́ Killer Films sílẹ̀. Boys Don't Cry jáde ní 1999, Hilary Swank sì fi gba Oscar. Carol jáde ní 2015, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar 6. Past Lives ti 2023 náà wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ fún fíìmù tó dára jù lọ. Ilé iṣẹ́ yẹn kò tíì kógbá sílé títí di báyìí.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ Èkìtì tó jókòó sí Àdó níbí, ṣé ó lè fi irú iṣẹ́ olóòtú bẹ́ẹ̀ jẹun? N ò bèèrè bóyá ó dáa tàbí kò dáa o. Mo ní ṣé ó lè JẸUN.

Ajagunlà
Èkìtì lo wà tí o ń bèèrè bóyá èèyàn á jẹun? Iyán ti tán ní Àdó ni?

Òtítọ́Korò
Ẹ WO ORÚKỌ ILÉ IṢẸ́ RẸ̀. KILLER! APÀNÌYÀN! Kí ló tún kù tí ẹ ń wá?

Fadékẹ́mi Àdó
@Òtítọ́Korò ẹ̀gbọ́n, orúkọ lásán ni. Bí wọ́n bá sọ búrẹ́dì ní Ekùn, ṣé ó máa ń géni jẹ?

Òtítọ́Korò
MO TI SỌ TÈMI. KILLER.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Vachon. Fáṣọ̀n. Ṣé ó dá yín lójú pé obìnrin yìí kì í ṣe ará Ìlawẹ̀? A ní Fáṣọlá, a ní Fáṣọyin. Bàbá rẹ̀ ló kàn lọ pẹ́ lọ́hùn-ún.

Ajagunlà
Fásọnù ni. Ifá ló sọnù sí New York.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
😂😂😂 O ò ní dáa láé.

Bàbá Ìjerò
Ẹ jẹ́ kí àgbà bá yín dá sí i. Àwọn kan ti ń da olóòtú pọ̀ mọ́ olùdarí. Olùdarí ni ó ń sọ fún òṣèré pé dúró, rìn, sunkún. Olóòtú ni ó ń ronú owó ọkọ̀ tí òṣèré máa wọ̀ délé lẹ́yìn ẹkún. Láyé Ògúndé, ẹnì kan ni ó máa ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Ayé, jáde ní 1979, gbọ̀ngàn ni èmi ti wò ó, ìjókòó onípákó, ooru bí nǹkan míràn, obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì dìde pé òun fẹ́ gba àjẹ́ náà létí. Ẹ tún wo Bàbá Sàlá. Ọ̀run Móoru, 1982. Owó ara rẹ̀ àti owó tí ó yá ni ó kó lé e, àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Olóòtú aládàáni ni ìyẹn náà. Kò ya akọ tó ń fẹ́ akọ, ẹ̀rín ni ó ń pa wá, síbẹ̀ kò jèrè. Nítorí náà, Fadékẹ́mi, ìdáhùn mi ni pé

Bàbá Ìjerò
Fóònù yìí ti fi í ránṣẹ́ kí n tó parí. Ìdáhùn mi ni pé ó ṣòro.

Pásítọ̀ Kékeré
Sódómù ni mo ń kà níbí yìí o. Èkìtì ilẹ̀ ìyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣé ohun tí a fẹ́ fi máa jẹun nìyí?

Alákọ̀wé Ìkọ̀lé
Kí a tó kan Sódómù, ẹ jẹ́ ká kan òfin. Oṣù kìíní 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó náà. Ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó tì í lẹ́yìn. Òfin náà kò dárúkọ fíìmù, ṣùgbọ́n àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kò nílò kó dárúkọ rẹ̀. Ní 2020, Pamela Adie ṣe olóòtú fíìmù kan, Uyaiedu Ikpe-Etim darí rẹ̀, obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn ló dá lé. Àjọ náà kìlọ̀ pé àwọn tó ṣe é lè dèrò ẹ̀wọ̀n bí wọ́n bá gbé e jáde láìgbàṣẹ. Toronto ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fadékẹ́mi, ìyẹn ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ẹ, kì í ṣe ti New York.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Kí ni orúkọ fíìmù náà?

Alákọ̀wé Ìkọ̀lé
Ìfé.

Ajagunlà
Nípa Ilé-Ifẹ̀?

Bàbá Ìjerò
@Alákọ̀wé Ìkọ̀lé, àmì ìsàlẹ̀ dà? Ìfẹ́ ni. Ẹ̀ tó ní àmì ni. Ìwọ tí o pe ara rẹ ní alákọ̀wé.

Alákọ̀wé Ìkọ̀lé
Bàbá, ẹ má bínú. Bí àwọn tó ni fíìmù ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò sí àmì lábẹ́ ẹ. N kò lè tún orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sọ.

Bàbá Ìjerò
Wọ́n lè bí i kí wọ́n má mọ orúkọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni èèyàn ń ní, Ifẹ̀ ni a ti ṣẹ̀ wá, ife ni a fi ń mu omi. "Ìfé" kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Mo kọ́ Yorùbá fún ọdún 31, n kò ní jókòó kí ẹ fi ìyà jẹ ẹ́ lójú mi.

Ajagunlà
Ọdún 14 fún ẹni tó gbàgbé àmì ìsàlẹ̀.

Adétutù L.
@Pásítọ̀ Kékeré sà, ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí Poison jáde ní 1991, oníwàásù kan tó ń jẹ́ Donald Wildmon pariwo ní Amẹ́ríkà nítorí pé 25,000 dọ́là owó ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà wà nínú rẹ̀. Ariwo náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Fíìmù kékeré tí ì bá kọjá wẹ́rẹ́ ló wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Ẹ̀yin náà ti ń bá Fadékẹ́mi polówó báyìí láìgbowó.

Pásítọ̀ Kékeré
Ẹnu ọ̀nà ọ̀run kò ní ìpolówó.

Adétutù L.
Sà, pátákó ìpolówó ìpàgọ́ ìjọ ga ju òpó iná lọ ní Àdó.

Pásítọ̀ Kékeré
Arábìnrin, n kò ní bá ẹ jà. Ẹ̀mí kan ló ń lò ẹ́.

Adétutù L.
Ẹ̀mí náà ń san owó dátà fún mi sà.

Ẹnìkan ní Èkìtì
Mo wo fíìmù tí ẹ ń fa àmì orúkọ rẹ̀ yẹn. Orí fóònù, lábẹ́ aṣọ ìbora, mo fi wáyà sí etí kan, etí kejì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àwọn tó jọ mí nínú fíìmù tí wọn ò sì yí wọn padà di wèrè kó tó parí nìyẹn. Òun ni mo ní kí n sọ.

Ajagunlà
Dátà mélòó ni fíìmù náà jẹ?

Adétutù L.
@Ẹnìkan ní Èkìtì o ṣeun tí o sọ ọ́. @Ajagunlà, ṣé gbogbo nǹkan ni ẹ̀fẹ̀?

Ajagunlà
Mo béèrè iye dátà ni o. Mo fẹ́ wò ó.

Òtítọ́Korò
Ẹ Ń SÁ FÚN Ọ̀RỌ̀ MI. KÍ LÓ DÉ TÓ FI SỌ ILÉ IṢẸ́ RẸ̀ NÍ KILLER?

Ṣọlá Kámẹ́rà
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ owó, kò sí ẹnìkan nínú yín tó tíì gbé kámẹ́rà rí. Mo ti ṣiṣẹ́ ní lókéṣàn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Olóòtú aládàáni kì í ní owó. Owó ẹlòmíràn ló ń ṣa jọ bí ẹni ń ṣa ìgbín lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra fíìmù náà ní Jámánì á mú díẹ̀ wá, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan á mú díẹ̀ wá, olówó kan tó fẹ́ kí orúkọ òun yọ á mú díẹ̀ wá. Gbogbo wọn ló máa ní kí o yí nǹkan kan padà. Nígbà tí owó bá wá dé, òṣèré á gba tirẹ̀, onímọ́tò á gba tirẹ̀, oníjẹnẹrétọ̀ á gba tirẹ̀. Olóòtú ló ń gbẹ̀yìn àwo. Boys Don't Cry tí ẹ ń gbọ́ yẹn, nǹkan bí mílíọ̀nù 2 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, Swank fúnra rẹ̀ sọ pé 3,000 dọ́là ni òun gbà. Oscar lọ́wọ́, owó kò sí. Ẹ tún wo Carol. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti kọ ìwé eré rẹ̀, 2015 ló jáde. Ta ló lè máa jẹun lórí fíìmù kan fún gbogbo ọdún yẹn? Ìdí nìyẹn tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní mẹ́fà méje nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń parí, ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀, márùn-ún wà nínú páálí.

Fadékẹ́mi Àdó
Ẹ ṣeun gan-an sà! Irú nǹkan tí mo ń wá nìyí. Bí mo bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Àdó, ta ni mo máa kọ́kọ́ lọ bá?

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ olóòtú sí mi létí. Ní 2021, àwọn kan wá ya fíìmù lábẹ́ òkè Olósùnta. Olóòtú wọn, ọmọkùnrin kan tó ń wọ awò dúdú nínú ilé, ní kí n gún iyán fún àwọn èèyàn òun. Mo gún ìdì 52. Ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́, ₦700 ìdì kan. ₦36,400 ni gbogbo rẹ̀. Ó kà ₦20,000 lé mi lọ́wọ́, ó ní, Màmá, a óò rí ara wa lálẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì lẹ́ títí di òní.

Ajagunlà
Ahhhhh.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Awò dúdú nínú ilé. Ìyẹn ti tó ẹ̀rí nílé ẹjọ́.

Túnjí Mánijà
Màmá, ẹ kúulé mà. Ṣé fíìmù tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gbiná ni ẹ ń sọ? Èmi ni mánijà lókéṣàn níbẹ̀. Ìdì 40 ni a gbà mà. Ó wà nínú ìwé ìnáwó mi.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Ta nìyí? Ìwọ tí ń bẹ̀ mí pé kí n fi pọ̀nmọ́ kún un?

Túnjí Mánijà
Èmi ni mà. Ìwé náà ló wà níwájú mi yìí. "Iyán 40. Omi páálí 6. Epo jẹnẹrétọ̀ lítà 25. Ọ̀kadà lọ ra gílóòbù." 40 lọ́nà ₦700, ₦28,000. Ẹ ti gba ₦20,000. ₦8,000 ló kù, mo sì gbà pé kò dáa bí kò ṣe dé ọwọ́ yín. Ọ̀gá ni mo fi sílẹ̀ fún.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Wá wo ògiri ilé ìdáná mi. Èédú ni mo fi fa ìlà sí i. Bí ọmọ bá gbé ìdì kan jáde, mo fa ìlà kan. Bí ó bá pé mẹ́rin, ti ìkarùn-ún á dábùú wọn. Ìdì ìlà mẹ́wàá, ó lé ìlà méjì. N kò fi ọ̀dà kùn ún láti ọjọ́ náà. Ọkọ mi ní kí n kùn ún, mo ní títí owó mi á fi wọlé.

Bàbá Ìjerò
Ìṣirò tiwa gan-an nìyẹn. Àwọn ìyá wa kò mọ̀wé, wọn kì í sì í ṣì í kà.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Ta ni kò mọ̀wé? Mo ka ìwé mẹ́wàá tán ní Ìkẹ́rẹ́.

Bàbá Ìjerò
Ẹ foríjì mí, ìyá.

Túnjí Mánijà
Mà, ògiri kì í ṣe rìsíìtì.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Ìwé tìrẹ tí o fọwọ́ ara rẹ kọ ni rìsíìtì, àbí?

Adétutù L.
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ló bá ẹ fọwọ́ sí ìwé náà?

Túnjí Mánijà
@Adétutù L. ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ má dá sí i. Èèyàn 31 la jẹ́ ní lókéṣàn. Báwo ni èèyàn 31 ṣe máa jẹ ìdì 52?

Ajagunlà
Ìwọ kì í ṣe ará Èkìtì. Òun lo sọ fún wa yìí.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Èèyàn 31 jẹ ìdì 52, ìdì kan àti díẹ̀ lórí ẹnì kan. Ní Ẹ̀fọ̀n, aláìsàn là ń fún nìyẹn.

Túnjí Mánijà
Ọmọ Òṣogbo ni mí, mi ò sẹ́.

Ajagunlà
Ẹ wo ojú ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ìnáwó iyán.

Alákọ̀wé Ìkọ̀lé
Nítorí Ọlọ́run, ₦700 fún iyán, ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ ní 2021, ìyá yìí ṣàánú wọn. Irú usu wo lẹ lò, mà?

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Usu Ìkọ̀lé ni. Bó ti wù kó rí, n kò ní purọ́, usu tiyín dáa.

Alákọ̀wé Ìkọ̀lé
Ẹ gbọ́? Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Ìkọ̀lé ni bàbá usu.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Èké. Iyán usu Ìkọ̀lé a máa di kókó bí o bá fi í sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Alákọ̀wé Ìkọ̀lé
Ọwọ́ ẹni tó gún un ló ń mú un di kókó. Ẹ ò mọ̀ ọ́n gún ní Ẹ̀fọ̀n.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Wá sí Ẹ̀fọ̀n kí o sọ ọ́ lójú ìyá mi.

Pásítọ̀ Kékeré
Ẹ jẹ́ n bi ìyá wa. Fíìmù tí wọ́n wá yà lábẹ́ Olósùnta yẹn, ṣé akọ sí akọ ló wà nínú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó iyán náà lè má dé láé, nítorí kò ní ìbùkún.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Ọkùnrin kan ló ń sunkún nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn. Wọ́n ní kó sun ẹkún náà lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, èmi náà ti ń sunkún, ọbẹ̀ ń jó lẹ́yìn mi.

Ṣọlá Kámẹ́rà
Ẹ dúró ná. Ẹ dúró. Jẹnẹrétọ̀ gbiná, ọkùnrin sunkún lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, Olósùnta. Èmi ni mo gbé kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn!!!

Ajagunlà
Ẹlẹ́rìí ti dé. Ẹ dákẹ́ ní kóòtù.

Ṣọlá Kámẹ́rà
Túnjí, ṣé o rántí àwọn ọmọdé? Àwọn ọmọ àdúgbò tó gorí àpáta, tí ń pariwo "ẹ káàbọ̀ o, fíìmù!" ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá ti la ẹnu. Ohùn ẹkún ò wọlé rárá, ohùn ọmọ nìkan là ń gbà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi tún un yà lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ọ̀gá wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n lọ gba iyán lọ́wọ́ màmá kí n fi bẹ̀ wọ́n. Mo lọ gba ìdì 12. Mo pín in fún wọn lẹ́yìn àpáta. Wọ́n jẹun, wọ́n dákẹ́, a rí ẹkún wa yà. O ò sí níbẹ̀, o ti lọ ra gílóòbù.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Ẹ GBỌ́ O!!! Ọmọ, gbà fóònù yìí, kọ ọ́ gàdàgbà. 40 àti 12, mélòó ni?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
52 mà.

Túnjí Mánijà
Mi ò mọ̀ nípa 12 yẹn rárá. Ṣọlá, kí ló dé tí o ò sọ fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀?

Ṣọlá Kámẹ́rà
Owó tèmi gan-an kò pé. Ta ni mo fẹ́ lọ sọ ti iyán fún?

Túnjí Mánijà
Kò sí mánijà tó ń san ohun tí kò fọwọ́ sí. Ní gbogbo ayé ni. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ obìnrin Amẹ́ríkà tí ẹ ń yìn yẹn.

Adétutù L.
Ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún o. Irú obìnrin yẹn, bó bá jẹ oníyán ní gbèsè lónìí, ta ni yóò sè fún un lọ́la?

Túnjí Mánijà
O mọ̀ ọ́n lójúkojú ni?

Òtítọ́Korò
KILLER NI ORÚKỌ ILÉ IṢẸ́ RẸ̀!!! KÒ SÍ ẸNI TÓ DÁ MI LÓHÙN!!!

Ajagunlà
Ẹ bá wa bu iyán fún ẹ̀gbọ́n. Ìdì kan, kò ní pọ̀nmọ́.

Fadékẹ́mi Àdó
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè mi ńkọ́? Fíìmù Kẹ́ńyà kan wà, Rafiki, tí Wanuri Kahiu darí ní 2018. Wọ́n fòfin dè é nílé, ilé ẹjọ́ wá tú u sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 péré, èrò sì kún ilé sinimá ní Nairobi. Ní Nàìjíríà níbí, Fúnmi Ìyàndá ṣe olóòtú Walking with Shadows ní 2019, London ni wọ́n ti fi hàn. Babatunde Apalowo gba Teddy, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún irú fíìmù báyìí ní àjọ̀dún fíìmù Berlin, ní 2023 pẹ̀lú fíìmù tó yà sí Èkó. Ó ń ṣẹlẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ṣẹlẹ̀ láti Èkìtì.

Bàbá Ìjerò
Fadékẹ́mi, Ìyàndá ni ó dára jù nínú ohun tí o kọ. O fi àmì sí i dáadáa.

Pásítọ̀ Kékeré
Èmi ṣì dúró lórí Sódómù.

Alákọ̀wé Ìkọ̀lé
Èmi ṣì dúró lórí usu Ìkọ̀lé.

Túnjí Mánijà
Màmá, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo máa fi ₦8,000 ránṣẹ́ láti àpò ara mi kí n lè sùn. Ti 12 yẹn, kí Ṣọlá san án.

Ṣọlá Kámẹ́rà
Èmi?! Àwọn ọmọdé ló jẹ ẹ́!

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Àwọn ọmọ náà á ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Álàátì ₦8,000 wọlé. O ṣeun, ọmọ Òṣogbo, Ọlọ́run á fi kún un. ₦8,400 ló kù. Mo ti ní kí ọmọ mi pa ìlà 40 rẹ́ lára ògiri pẹ̀lú àkísà tútù. Ìlà 12 ṣì wà níbẹ̀. Ṣọlá, o mọ ilé mi.

Ṣọlá Kámẹ́rà
Màmá ẹ jọ̀ọ́, oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
Alẹ́ náà ni ìwọ náà tún ń sọ yẹn.
Fadékẹ́mi, ìwọ ọmọ yìí tí gbogbo wọn fi sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ wá ya tìrẹ ní Ìkẹ́rẹ́, èmi yóò gún iyán. Ẹni tó ń fẹ́ ẹnì kan nínú rẹ̀ kò kàn mí. Owó ni kí o kọ́kọ́ kà lé tábìlì kí n tó gbé ọmọrí.

Ajagunlà
Mélòó ni ìdì kan báyìí, màmá?

Ìyá Oníyán Ìkẹ́rẹ́
₦1,500. Ẹran lọ́tọ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ẹran lọ́tọ̀ kẹ̀???